Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùtọ́jú ilé ìjọsìn Santa Rosa de Lima ní Purmamarca: amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe

Ẹ̀yin fadá àti ọmọ ìjọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú Purmamarca, àti ẹnikẹ́ni tó máa gun òrùlé yẹn lọ́dún yìí,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ogún àwọn baba yín.

Ẹ̀bẹ̀ kan la mú wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí símẹ́ńtì kan ògiri ilé ìjọsìn yín, kí ẹ sì máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún Santa Rosa ti 30 oṣù Kẹjọ, kí òjò oṣù Kejìlá tó dé. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí, amọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìwúwo ni.

Kí àwọn ará wa tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí lè mọ ibi tí à ń sọ: Purmamarca jẹ́ ìlú kékeré kan ní àfonífojì Humahuaca, ní ìpínlẹ̀ Jujuy, ní àríwá Argẹntínà. Bíi kìlómítà 65 ni láti San Salvador de Jujuy tó jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ibẹ̀ fi ohun tó lé ní 2,000 mítà ga ju òkun lọ. Òkè aláwọ̀ méje, Cerro de los Siete Colores, wà lẹ́yìn ìlú bí aṣọ òfì tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹ̀gbẹ́ ojúde ìlú ni ilé ìjọsìn náà wà. Yàrá gígùn kan ṣoṣo ni, ògiri rẹ̀ jẹ́ bíríkì amọ̀ tí oòrùn gbẹ, tí iná kò sun, ilé agogo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi cardón, ìyẹn ọrọ́ gíga orí òkè, ló gbé òrùlé dúró, amọ̀ ló sì wà lókè igi náà. Wọ́n gbẹ́ ọdún 1648 sára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Rosa ti Lima kú ní 1617, ṣùgbọ́n ọdún 1671 ni póòpù tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ọdún tó wà lára igi ẹnu ọ̀nà yẹn ti wà kí ẹni tí ilé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó gba oyè. Ìjọba Argẹntínà sọ ilé náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1941, UNESCO sì kọ gbogbo àfonífojì Humahuaca sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2003.

Símẹ́ńtì la ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń ba irú ilé yìí jẹ́ jù, àwọn tó ń lò ó sì máa ń gbà pé oore ni wọ́n ń ṣe. Ògiri amọ̀ ń mumi. Omi inú ilẹ̀ máa ń gba ìsàlẹ̀ wọ̀ ọ́, á máa fà gòkè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Bó bá jẹ́ amọ̀ tàbí láìmù ni wọ́n fi rẹ́ ògiri náà, omi á gba ojú rẹ̀ jáde, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ òkè yẹn á sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi kò rọ́nà jáde mọ́. Á máa gòkè títí tó fi máa rí ibi tí símẹ́ńtì parí sí. Iyọ̀ inú ilẹ̀ á bá a lọ, nígbà tí omi bá sì gbẹ, iyọ̀ yẹn á dì sínú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára amọ̀, á wú, á máa ti amọ̀ já kúrò lára ara rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, òru ibẹ̀ tutù débi pé omi ń di yìnyín, yìnyín sì gba àyè ju omi lọ. Ìyẹn náà ń fọ́ amọ̀ láti inú. Ẹni tó dúró níta á rí ògiri tó le koránkorán, kò ní mọ̀ pé amọ̀ tó wà lẹ́yìn símẹ́ńtì náà ti di lẹ́búlẹ́bú. Lọ́jọ́ tí símẹ́ńtì bá ṣí, á ṣí pẹ̀lú amọ̀ ògiri tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ẹ lè mọ̀ kó tó ṣí. Ẹ fi egungun ìka ọwọ́ kan ògiri náà kó, kó, kó, láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín ga dé, kí ẹ má fo ibì kankan. Ibi tó bá dún gbì, ó ṣì dì mọ́ra. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, nǹkan ti ya níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, kí ẹ kọ déètì sí i. Ẹ tún máa wo ìlà funfun bí ìyẹ̀fun tó máa ń hàn lókè ìlà tí símẹ́ńtì dé; iyọ̀ ni, ìlà yẹn ló sì ń sọ ibi tí omi gòkè dé.

Bí símẹ́ńtì bá ti wà lára ògiri, ẹ má ṣe gbé òòlù ńlá tì í. Ẹ fi ṣísù kékeré pín in sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kí ẹ wá máa yọ ọ́ láti etí. Bó bá dì mọ́ amọ̀ débi pé ó ń fa ògiri bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí, bíi 50 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, kí omi lè rọ́nà jáde, kí ẹ sì dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tú fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó gbẹ dénú kí ẹ tó tún un rẹ́, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń ṣú.

Níbi tí ẹsẹ̀ ògiri bá ti jẹ wọnú, bíríkì amọ̀ ni kí ẹ fi dí i. Ẹ má ṣí ju ìdajì mítà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dí ti àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó sún sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ṣí mítà mẹ́ta papọ̀ ti yọ ẹsẹ̀ lábẹ́ gbogbo ìwúwo òrùlé. Bí ihò náà bá sì ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ògiri, kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà nìkan mọ́. Ẹ fi òpó gbé òrùlé dúró, kí ẹ pe ẹnjiníà tó mọ ilé amọ̀, torí agbègbè tí ilẹ̀ ti máa ń mì ni yín.

Amọ̀ náà wá ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo erùpẹ̀ pupa ló tó. Ẹ wá èyí tó jọ ti ògiri àtijọ́ náà, kí ẹ dán an wò ní ọ̀nà méjì. Ẹ bu erùpẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ fi iyọ̀ fín-ín-ńfín sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, eruku kíkúnná á tẹ̀lé e, amọ̀ gan-an á wà lókè pátápátá. Bí amọ̀ bá wà láàárín ìpín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tí iyanrìn sì ju ìdajì lọ, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ìdánwò kejì kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: ẹ po erùpẹ̀ náà díẹ̀, ẹ yí i bí okùn tó nípọn tó 3 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ rọra máa tì í jáde létí tábìlì. Bó bá já kó tó gùn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, iyanrìn ti pọ̀ jù, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Bó bá gùn ju 15 lọ kó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù, á sán bó bá gbẹ. Ẹ fi iyanrìn sí i, kí ẹ tún un yí.

Lẹ́yìn ìyẹn, koríko. Ichu orí òkè yín ló dára jù. Fún bíríkì, ẹ gé e sí bíi 10 sẹ̀ǹtímítà. Fún rírẹ́ ògiri, kó má ju 3 lọ. Koríko kì í mú amọ̀ le bí àwọn kan ṣe rò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pín ìsúnkì amọ̀ káàkiri, kó má baà sán sí ojú kan. Ẹ po ó nínú kòtò, ẹ fẹsẹ̀ gún un, ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Amọ̀ tó ti dàgbà nínú kòtò máa ń rùn díẹ̀, á sì máa fà lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n po láàárọ̀ tí wọ́n lò lọ́sàn-án kì í dì mọ́ ògiri.

Bíríkì tí ẹ bá yọ nínú ẹ̀rọ onígi, ẹ dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè yí i po. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ń gbà kó tó gbẹ dé ọkàn. Ẹ fọ́ ọ̀kan wò: bí àárín rẹ̀ bá dúdú ju etí lọ, kò tíì tó. Ẹ má yọ bíríkì nínú òtútù. Bí yìnyín bá mú amọ̀ tútù lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, bí búrẹ́dì gbígbẹ ni yóò máa rún. Ìdí nìyí tí oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá fi jẹ́ oṣù iṣẹ́ yìí: òtútù ti ń lọ, òjò kò tíì dé.

Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ ògiri, ẹ fi omi wọ́n ọn títí tó fi máa rẹ̀ lójú ṣùgbọ́n tí kò ní máa ṣàn. Amọ̀ tútù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri gbígbẹ ń sọ omi rẹ̀ nù kíá, ó sì ń bó. Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju 2 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìkejì kó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ ṣíji bo ibi tí oòrùn ọ̀sán ń dé. Bí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá sán sójú rẹ̀ nígbà tó ń gbẹ, ẹ fi omi wọ́n ọn kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ rẹ́ ẹ padà. Kì í ṣe àṣìṣe, iṣẹ́ ni.

Òrùlé ló ṣe pàtàkì jù, torí ògiri amọ̀ tó bá ní fìlà tó dára lórí lè ju ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Nínú òrùlé ìbílẹ̀ àfonífojì yín, igi ńlá ló wà nísàlẹ̀, pákó cardón tàbí esùsú á tẹ̀lé e, wọ́n á fi awọ màlúù tútù dè é, awọ náà á sì fún un bó ṣe ń gbẹ. Koríko wà lókè ìyẹn, amọ̀ oníkoríko sì ló parí rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé lọ́dọọdún wọ́n á kàn da amọ̀ tuntun lé ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ tó nípọn ní 10 sẹ̀ǹtímítà, lórí mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, wúwo tó kílò 160 sí 180. Bí amọ̀ àfikún bá ti sọ 10 di 20, ìwúwo náà ti di ìlọ́po méjì, ká tó wá fi omi òjò kún un. Igi cardón fúyẹ́, kò sì bẹ́ẹ̀ lágbára. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀, omi á wá dúró síbi tó tẹ̀ náà, á sì jo. Àwọn tó rí i á tún gbé amọ̀ lé e kí ó má baà jo. Bẹ́ẹ̀ ni àjà ṣe ń wó.

Nítorí náà, ohun tí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ kọ́kọ́ ha irú rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ọkọ́ kékeré ha ojú amọ̀ àtijọ́ tó ti fúyẹ́ títí tí ẹ ó fi kan èyí tó le, bíi 2 tàbí 3 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ fi ìwọ̀n kan náà dá a padà. Ẹ na okùn láti orí dé etí òrùlé kí ẹ rí i pé kò sí ibi tó rì. Ẹ má ṣe tò sórí rẹ̀ papọ̀: ènìyàn méjì ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, lórí pákó gígùn tó gbà láti orí igi ńlá kan dé òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ àárín igi méjì. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ọ̀rá dúdú tàbí ọ̀dà sábẹ́ amọ̀. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, igi ni yóò jẹrà, ẹ kò sì ní rí i títí di ọjọ́ tó máa já.

Etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ jáde débi pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ní bọ́ sára ògiri. Ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ń bọ́ sí, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kí ó má baà máa ta ẹrẹ̀ sókè. Ẹrẹ̀ tó ń ta bẹ́ẹ̀ lè gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ní ìwọ̀nba ọdún díẹ̀.

Cardón tí à ń sọ yìí, ọrọ́ gíga ni, tó dúró bí òpó lórí òkè. Ihò gbọọrọ gbọọrọ ló kún ara igi rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀gún rẹ̀ ti hù, ẹni tó bá wo àjà lókè ló máa rí i bí iṣẹ́ ọnà. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ló máa gbà kó tó tó gé. Bí pákó kan bá ti jẹrà, ẹ má ṣe lọ gé èyí tó ń bẹ láàyè. Ẹ wá èyí tó kú lórí ìdúró, tàbí pákó láti ilé àtijọ́ tí wọ́n wó, kí ẹ sì ní in nílẹ̀ kí ọjọ́ àìní tó dé. Ẹ má kun ún ní fáníìṣì.

Nípa ilẹ̀ àyíká, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí ilẹ̀ ìta rẹlẹ̀ ju ti inú lọ, kó sì máa dà kúrò lẹ́bàá ògiri, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kọnkéré tàbí táìlì kò gbọdọ̀ dé ìdí ògiri. Ẹ fi àlàfo òkúta wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ tó mítà kan sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo omi tó wà lábẹ́ kọnkéré náà ẹsẹ̀ ògiri ni yóò gbà jáde. Ẹ má gbin òdòdó tó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń tajà lójúde gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í kan ìṣó tàbí so okùn àtíbàbà mọ́ ògiri náà. Igi algarrobo àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn náà nílò irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da kọnkéré lé gbòǹgbò rẹ̀ ti fún un lọ́rùn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Ọ̀nà 52 lọ sí Jama, ibodè Argẹntínà àti Chile, kò sì gbọdọ̀ rí àyè yà gba ẹ̀gbẹ́ ojúde.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Níbi tiyín, kì í ṣe aláǹgbá nìkan. Vinchuca, kòkòrò tó ń gbé àrùn Chagas kiri, inú irú ihò ògiri amọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ló ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ máa dí gbogbo ihò tí ìka bá lè wọ̀, nínú àti níta.

Ẹ fi láìmù kun òde, ìyẹn òkúta funfun tí wọ́n sun tí wọ́n sì fi omi pa. Ọ̀dà inú gálọ́ọ̀nù tó ń di ọ̀rá lára ògiri, arákùnrin símẹ́ńtì ni. Ẹ pò ó kó ki bíi wàrà, kí ẹ kun ún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, lórí ògiri tó rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó má máa yí aṣọ, ẹ gé ewé tuna, ọrọ́ pẹlẹbẹ eléso yẹn, sí wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún bíi ọ̀sẹ̀ kan títí tí omi á fi máa yọ̀ bí ilá, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi omi yìí rọ́pò díẹ̀ nínú omi tí ẹ fi po láìmù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú. Láìmù ń fọ́ ojú.

Inú ilé kò ní kó wa dúró pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán lẹ̀ mọ́ ògiri ìta. Kí afẹ́fẹ́ ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Uquía, nínú àfonífojì kan náà, àwòrán áńgẹ́lì tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ni ayé ń wá wò. Amọ̀ orí òrùlé ló ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀dọ̀ yín ni èyí tó kù wà. Lóṣù Kẹjọ, ẹ̀yin ará àfonífojì yìí ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ń fún Pachamama, Ìyá Ilẹ̀, ní oúnjẹ, ohun mímu àti ewé koka. Kò sídìí tí a fi máa sọ fún yín pé ilẹ̀ nílò ìtọ́jú. Ẹ tún ní minga, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀wẹ̀: gbogbo ìlú á jáde ṣiṣẹ́, ẹni tó ni iṣẹ́ á bọ́ wọn. Ẹ sọ òrùlé Santa Rosa di iṣẹ́ minga kan lọ́dún, kí ẹ ya owó koríko, láìmù àti oúnjẹ sọ́tọ̀ nínú ìṣírò ìlú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ méjì máa tẹ̀lé àgbà kan gun òkè lọ́dọọdún. Kí ìwé kan wà nínú ilé ìjọsìn tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ibi tí a ha, bí amọ̀ ṣe nípọn tó, ibi tí erùpẹ̀ ti wá, fọ́tò igun kan náà láti ojú ibì kan náà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá bá rọ̀, kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì wọ inú ilé náà kí wákàtí kan tó kọjá, kó wo àjà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pẹpẹ, kó sì kọ ohun tó bá rí.

Kòtò amọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́. Bó bá gba omi ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, amọ̀ inú rẹ̀ á ti dàgbà tó láti gun òrùlé kí oṣù náà tó parí.

Àwa òṣìṣẹ́ amọ̀